Max Fleischer àti Rotoscope: Ẹni tó Kọ́ Àwòrán ní Ìrìn Ènìyàn

Max Fleischer ni ó ṣẹ̀dá Rotoscope, ẹ̀rọ tí ayàwòrán fi ń tọ ìrìn ènìyàn láti ara fíìmù, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn. Ọgbọ́n ìṣiṣẹ́ náà kò tíì kú. Bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ti gba ipò gíláàsì àti pẹ́ńsùlù, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fíìmù ṣì ń tọ ìlà ara ènìyàn bí ó ti ṣe tọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ọgbọ̀n ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni ẹni náà lò láìní àṣẹ kankan lórí ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Oṣù Keje ọdún 1883 ni wọ́n bí i ní Kraków, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Austria-Hungary nígbà náà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó wà ní kékeré nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí New York ní Amẹ́ríkà, àdúgbò Brownsville ní Brooklyn ni ó sì ti dàgbà láàárín àwọn tálákà. Ó kọ́ àwòrán yíyà, ó sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Bí ìtàn rẹ̀ ṣe lọ dá lórí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe di iṣẹ́ méjèèjì mú. Ilé ìwé-ìròyìn Brooklyn Daily Eagle ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́, kí ó tó di ayàwòrán ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, ó di olóòtú àwòrán fún ìwé ìròyìn Popular Science Monthly, níbi tí ó ti ń rí ẹ̀rọ tuntun lójoojúmọ́.

Ìṣòro kan ń da àwọn oníṣẹ́ àwòrán láàmú ní àkókò yẹn. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú sinimá kì í rìn geere. Ṣe ni ó máa ń fò láti ipò kan bọ́ sí òmíràn. Ayàwòrán a máa fi ojú inú wo bí ènìyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ojú inú a sì máa tàn án jẹ. Èrò Fleischer ni pé bí kámẹ́rà bá ti gba ìrìn náà sílẹ̀, kò sí ìdí tí ayàwòrán yóò fi máa méfò. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sí ẹ̀yìn gíláàsì kan, ó sì ṣètò rẹ̀ kí àwòrán kan ṣoṣo lè dúró lójú gíláàsì náà fún ìgbà tí ayàwòrán bá fẹ́. Ayàwòrán yóò gbé bébà lé iwájú gíláàsì, yóò fi pẹ́ńsùlù tọ ìlà ara ẹni tó wà nínú àwòrán, yóò yí fíìmù sí àwòrán tó tẹ̀ lé e, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi kámẹ́rà ya àwọn bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan padà sínú fíìmù.

Joe, àbúrò rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, bá a kan ẹ̀rọ náà. Àbúrò rẹ̀ mìíràn, Dave, wọ aṣọ aláwàdà, ó sì ń jó níwájú kámẹ́rà. Bí fíìmù bá ń sáré ní àwòrán 16 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó ti wọ́pọ̀ ní ayé sinimá aláìlóhùn, ìṣẹ́jú kan péré yóò gba àwòrán 960. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe kò gùn rárá, síbẹ̀ ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún kan. Fleischer kọ̀wé sí ìjọba ní oṣù Kejìlá ọdún 1915 láti gba ìwé tó ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn ṣẹ̀dá. Wọ́n fún un ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1917; nọ́ńbà rẹ̀ ni 1,242,674.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo ara ni ó ń fi hàn. Kì í sọ ìlà tó yẹ kí ọwọ́ tọ̀. Bí ayàwòrán bá tọ gbogbo ìṣẹ́po aṣọ àti gbogbo òjìji, àwọn ìlà náà kì yóò bára mu láti àwòrán kan dé èkejì, gbogbo rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n lójú ìwòran. Àwọn ará Fleischer ní láti kọ́ bí wọn yóò ṣe fi púpọ̀ sílẹ̀ kí ìwọ̀nba tó kù lè rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lórí kọ̀ǹpútà. Lónìí, iṣẹ́ rotoscoping sábà máa ń jẹ́ gígé ènìyàn kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè gbé iná, òkè tàbí ìlú mìíràn síbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi ìlà kan ṣoṣo yí odidi ara ká. Orí ní ìlà tirẹ̀, apá òkè ní tirẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ní tirẹ̀, nítorí oríkèé ni ara fi ń yí. Yóò to ìlà náà síbi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀, síbi tó ti yí padà, àti síbi tó ti dúró. Kọ̀ǹpútà yóò méfò èyí tó wà láàárín, òun yóò sì máa tún ìméfò náà ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá 10, ní àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ àwòrán 240. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kí ó tètè wá iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀dọ̀ John R. Bray ni Fleischer gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣe fíìmù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1918 ni eré Out of the Inkwell ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nínú èyí tí aláwàdà tí ara Dave bí ti ń yọ jáde láti inú ìgò tàdáwà tí ó sì ń bá Max fúnra rẹ̀ fa wàhálà. Koko ni wọ́n wá ń pe aláwàdà náà. Ní 1921, Max àti Dave dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1923, wọ́n gbé fíìmù kan jáde tó ń ṣàlàyé ìmọ̀ Einstein. Betty Boop dé ní 1930, Popeye sì tẹ̀ lé e ní 1933.

Àwọn fíìmù tó lágbára jù nínú iṣẹ́ Rotoscope ni àwọn tí wọ́n fi Cab Calloway ṣe. Olórin jáàsì aláwọ̀ dúdú ni Calloway, ẹni tó ń ṣeré ní Cotton Club ní Harlem, ilé ijó tí kì í sábà gba aláwọ̀ dúdú láyè láti jókòó wòran. Nínú Minnie the Moocher ti ọdún 1932, òun àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kọ́kọ́ hàn bí ènìyàn gidi, ó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kàn án. Lẹ́yìn náà ni iwin kan tó dà bí ẹranko òkun aléyín gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rẹ̀ kọrin, tí ó sì ń fi ara rẹ̀ jó. Ẹni tó bá wo ijó náà yóò mọ̀ pé kò sí ayàwòrán tó lè fi ojú inú nìkan dá a. Ní Snow-White ti ọdún 1933, Koko ni wọ́n gbé ìrìn Calloway wọ̀. Aláwàdà tí ara Dave bí ti wá ń gbé ẹsẹ̀ Calloway.

Ta ni ó wá ni ìrìn náà? Wọ́n kọ orúkọ Calloway sí ojú fíìmù, ìyẹn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan kò fi Fleischer sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akọrin kan, Helen Kane, pè é lẹ́jọ́ ní 1932 pé Betty Boop jí ọ̀nà ìkọrin òun. Ìhà Fleischer mú ẹ̀rí wá pé ọmọdébìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Baby Esther, ti ń kọrin bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ da ẹjọ́ Kane nù ní 1934. Baby Esther kò rí èrè kankan níbẹ̀.

Wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1937. Àwọn òṣìṣẹ́ Fleischer yanṣẹ́ lódì fún oṣù mélòó kan, Snow White ti Disney sì jáde ní òpin ọdún náà. Paramount, tó ń pín fíìmù Fleischer káàkiri, fẹ́ irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kó lọ sí Miami ní 1938 pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ Paramount. Gulliver's Travels jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1939. Ara ènìyàn gidi ni wọ́n tọ̀ láti ya Gulliver. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Lilliput ni wọ́n ya bí àwòrán ẹ̀fẹ̀ lásán. Àwọn kan ti bẹnu àtẹ́ lu àìdọ́gba yìí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó mú kí òmìrán náà wúwo láàárín wọn.

Gbèsè ń pọ̀, Max àti Dave kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ní 1941, Paramount gba ilé-iṣẹ́ náà lábẹ́ àdéhùn tí àwọn méjèèjì fi buwọ́ lu ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí kò ní ọjọ́ lára. Superman jáde lọ́dún yẹn, ó sì gbayì. Ìyẹn kò gbà wọ́n. Ní 1942, wọ́n yí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà padà sí Famous Studios.

Max lọ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Jam Handy ní Detroit, níbi tí ó ti darí fíìmù Rudolph ti ọdún 1948. Nígbà tí wọ́n ta àwọn fíìmù rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n yí ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ wọn padà. Ó pe Paramount lẹ́jọ́, kò borí. Richard, ọmọ rẹ̀, di olùdarí fíìmù, Disney sì ni ó gbé 20,000 Leagues Under the Sea ti ọdún 1954 lé e lọ́wọ́. Disney pe Max fúnra rẹ̀ wá jẹun, ó sì bá àwọn ayàwòrán tó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ fún un pàdé níbẹ̀.

Ó kú ní California ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, ní ẹni ọdún 89. Ní 1977, nígbà tí wọ́n ń ṣe Star Wars, àwọn idà oníná inú rẹ̀ ni àwọn ayàwòrán fi ọwọ́ tọ̀ láti ara fíìmù, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn.