Bàtílì Àlàkẹ́, Ìyá Olórin Wákà

Bí a bá dárúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn orin, Hárúnà Ìṣọ̀lá ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rántí. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí pé àgbà ọ̀jẹ̀ ni bàbá náà, tí a bí ní 1919, tí ó sì kú ní 1983, jẹ́ nídìí àpàlà. Ṣùgbọ́n ìlú yìí kan náà ni ó bí Olóyè Bàtílì Àlàkẹ́, obìnrin tí ó sọ wákà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ní ṣókí.

Ní nǹkan bí 1935 ni a bí i. Orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wákà jẹ́. Láti inú èdè Haúsá ni a ti yá orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju orin lọ. Wọ́n a máa kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, àti nígbà tí a bá ń pàdé àwọn tí ó ti Mẹ́kà dé. Ẹnì kan a máa lé e, àwọn yòókù a sì máa gbè é pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Bí ayẹyẹ bá ti parí, orin parí nìyẹn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè gbọ́ ọ mọ́.

Bàtílì ni ó yí èyí padà. Ó kọrin níbi àríyá káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òun sì ni a mọ̀ bí ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn olórin wákà tí ó gbé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jáde. Láti ìgbà náà ni orin tí àwọn obìnrin ń kọ ní àgbàlá ti di ohun tí a lè rà lọ́jà, tí a sì lè gbọ́ lẹ́yìn ayẹyẹ. Ó di iṣẹ́ tí obìnrin lè fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà tí ó là yìí ni àwọn mìíràn tọ̀. Ní 1976, nígbà tí Sàláwà Àbẹ̀ní ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ó gbé àwo jáde lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Mohammed. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Adé náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán oko náà.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni Bàtílì gbé títí ó fi kú ní 2013. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni ìlú méjèèjì wà. A mọ ìjálá, a mọ ẹ̀sà, a mọ ẹkún ìyàwó. Àwọn kan lè sọ pé wákà bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọlé ni, nítorí náà kì í ṣe lítíréṣọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oríkì, òwe, ìkìlọ̀ àti àdúrà tí ó kún inú rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n, ẹnu àwọn ìyá wa ni wọ́n sì ti jáde. Àwo ń họ, àwọn tí ó ń gbe orin sì ń darúgbó. Ẹ jẹ́ kí a lọ bá wọn, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó pẹ́ jù.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàtílì Àlàkẹ́ sí afẹ́fẹ́ rere.