Mohammed Shitta-Bey, Olówó Pupa: Ẹni tí ó Kọ́ Mọ́ṣáláṣí Parí

   Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ó kó wa jọ, a wò ó pé ìtàn ẹni tí ó kọ́lé Ọlọ́run yọrí ni ó yẹ kí a kọ sínú ìwé yìí. A kò lọ jìnnà. Èkó ni a ti rí i.

Ìlú Waterloo ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí Mohammed Shitta ní ọdún 1824. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú, tí a sì gbà sílẹ̀ sí Sàró. Àkú ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀. Salu ni orúkọ baba rẹ̀, òun sì ni ó ṣe Lèmọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí ní Fourah Bay. Ní 1844, gbogbo ẹbí náà kẹ́rù padà wá sí ilẹ̀ baba wọn, wọ́n dó sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni Salu kú sí. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1853, Mohammed àti àwọn ìyókù kó lọ sí Èkó.

Òwò ni ó fi di ènìyàn. Ó ń ta obì, ẹ̀gúsí, awọ ẹran àti oje igi, ó sì ń ra aṣọ òkè òkun. Nígbà tí ó di 1864, ó fi òwò Èkó sílẹ̀ fún Yusuf arákùnrin rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà Odò Ọya lọ. Ó dé Bídà, ó sì di ẹni mímọ̀ lọ́dọ̀ Masaba, ọba Tápà. Ibẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀ ti búrẹ́kẹ́. Nígbà tí yóò fi padà jókòó sí Èkó, Olówó Pupa ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ Bídà yìí, nítorí pé ó kan àwa ará Àkókó. Masaba kan náà, tí ó wà lórí oyè títí di 1873, wà lára àwọn ọba tí ọmọ ogun wọn kó Àkókó lẹ́rú. Àwọn baba ńlá wa sá gun orí òkè nítorí ẹṣin Tápà, ìpọ́njú náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí ilé-iṣẹ́ Royal Niger fi ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé nínú àwọn tí wọ́n kó lọ, àwọn kan padà wálé pẹ̀lú kéwú lẹ́nu, ara wọn sì ni irúgbìn ẹ̀sìn ti wọ àwọn ìlú Àkókó. A kò sọ pé Shitta jagun o. Oníṣòwò ni, ọmọ ẹni tí a kó lẹ́rú rí sì ni òun náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a bá fi apá kan rẹ̀ pamọ́ kì í ṣe ìtàn.

Ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ni a ń bọ̀ sí. Nígbà náà ní Èkó, amọ̀ ni a fi mọ ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí, òjò a sì máa jẹ wọ́n. Shitta fẹ́ èyí tí yóò pẹ́. Owó ara rẹ̀ ni ó ná sí i, kò dín ní £3,000, owó tí ó ga gan-an láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé owó kì í to bíríkì léra. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún ni ọ̀rọ̀ wà.

Agbaṣẹ́ṣe náà ni João Baptista da Costa. Ọmọ Àgùdà ni, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú padà dé láti ilẹ̀ Bràsíìlì. Àwọn Àgùdà wọ̀nyí kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ wálé: fèrèsé tí orí rẹ̀ rí róbótó, ọ̀nà tí a fi simẹ́ńtì yọ sára ògiri, ògiri nínípọn tí ooru kò tètè wọ̀. Wọ́n ń gba ọmọ-iṣẹ́, àwọn ọmọ-iṣẹ́ náà sì gbé iṣẹ́ náà wọ àwọn ìlú òkè, débi pé títí di òní a ń rí àmì ọwọ́ wọn lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ kíyè sí orúkọ da Costa: orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni. Shitta kò bi í ní ìyẹn. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí ògiri rẹ̀ kì í tẹ̀. Ó sì wá di pé da Costa pẹ̀lú Sanusi Aka, ọ̀gá bíríkìlà tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà.

Níbí, ẹ fún wa láyè kí a sọ òótọ́ láàárín ara wa. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí tí ó dúró sí líńtẹ́ẹ̀lì láti ọdún gbọọrọ, tí koríko ti hù nínú rẹ̀, kì í ṣe pé owó kò wọlé lọ́jọ́ ìkówójọ. Àna alága ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, tàbí ẹni tí ó pe owó tí ó kéré jù, tí ó sì ko yẹ̀pẹ̀ pọ̀ ju simẹ́ńtì lọ. Ẹ bi ìgbìmọ̀ wa léèrè ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà. Gómìnà Sir Gilbert Carter ni ó ṣe alága. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Edward Wilmot Blyden wà níbẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ Onígbàgbọ́ bíi J. P. L. Davies àti R. B. Blaize náà sì wá. Láti Liverpool ni Abdullah Quilliam, lọ́yà Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Islam, ti wá ṣojú fún Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì. Ó gbé àmì ẹ̀yẹ Mejidie fún Shitta pẹ̀lú oyè Bey, láti ọjọ́ náà ni ìdílé rẹ̀ sì ti ń jẹ́ Shitta-Bey. Òun náà ni Séríkí Mùsùlùmí Èkó. Nínú iṣẹ́ tí Sultan rán sí àwọn Mùsùlùmí Èkó, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe kọ ẹ̀kọ́ ìwé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro fún àwọn òbí nígbà náà, nítorí ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé wà, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá wọ̀ ọ́ kò ní padà bọ̀ ní Mùsùlùmí. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó.

Olówó Pupa kò rí ìyẹn. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 1895 ni ó kú, ọdún kan géérégé sí ọjọ́ tí a ṣí mọ́ṣáláṣí. Ká ní ó ti sún iṣẹ́ náà síwájú ní ọdún méjì péré ni, ìbá má kírun nínú rẹ̀.

Ní ti àwọn tí ó kọ́ ọ, iṣẹ́ náà ni ó polówó wọn. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fẹ́ kọ́ Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1908 tí a sì ṣí ní 1913, da Costa yìí kan náà ni wọ́n tún lọ bá. Wọ́n ti wó ìyẹn, òmíràn ni wọ́n kọ́ sí ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1988. Èyí tí Shitta-Bey kọ́ ṣì wà ní Martins Street lórí Erékùṣù Èkó, a sì kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní 2013. Ẹni tí ó bá bá ọjà lọ sí Èkó lè yà síbẹ̀ ní àkókò àílà, kí ó kírun, kí ó sì wo iṣẹ́ ọwọ́ Sanusi Aka lára ògiri. Kí Ọlọ́run tẹ́ Alàgbà Mohammed Shitta-Bey sí afẹ́fẹ́ rere. Àmín.