Michael Faraday: Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó fi àbẹ́là kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì

Bí iná bá lọ lálẹ́ nílùú Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn kan á tan àbẹ́là, àwọn tí agbára wọn ká a á sì fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé ọkùnrin kan náà ló so ohun méjèèjì pọ̀. Òun ló ṣàwárí ọgbọ́n tí jẹnẹrétọ̀ fi ń mú iná wá. Òun náà ló sì fi ọ̀pá àbẹ́là kan ṣoṣo kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1791 ni wọ́n bí i ní Newington, tó ti di ara ìlú Lọ́ńdọ̀n báyìí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn kì í jẹ́ kí bàbá náà rí iṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé búrẹ́dì kan ni wọ́n ń fún Michael láti jẹ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ló rí kọ́ nílé-ìwé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Riebau, ẹni tó ń di ìwé, tó sì ń tà á. Ọdún 7 ló fi kọ́ṣẹ́ náà.

Bí Faraday ṣe ń di ìwé ló ń kà á. Lára èyí tó là á lójú ni ìwé kẹ́místírì tí obìnrin kan, Jane Marcet, kọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá kà, kì í gbà á gbọ́ lásán. Á kó ìgò àti ohun èlò tówó rẹ̀ ká jọ, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ní 1812, oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní Royal Institution. Ó kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé tó tó nǹkan bí 300 ojú-ewé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Iṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un: ní oṣù kẹta ọdún 1813, Davy gbà á síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́.

Ọdún 1831 ni àwárí ńlá náà dé. Faraday wé wáyà bàbà róbótó, ó sì ti òòfà bọ àárín rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bóyá iná wà nínú wáyà yí padà. Nígbà tí òòfà dúró jẹ́ẹ́, abẹ́rẹ́ náà padà sáyè rẹ̀. Ó fa òòfà jáde, abẹ́rẹ́ sì yí sí òdìkejì. Ohun tó rí ni pé ìrìn òòfà lẹ́bàá wáyà ló ń bí iná. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ fi gbọ́dọ̀ máa yí kí gílóòbù tó lè tàn. Ìdí kan náà ni omi fi ń yí ẹ̀rọ ní ìdídò Kainji. Òrùka irin tó wé wáyà méjì mọ́ lọ́dún yẹn kan náà sì ni bàbá ńlá gbogbo tiransifọ́mà tó wà ládùúgbò.

Síbẹ̀, Faraday kò gbọ́ ìṣirò gíga. Ó ń fọ́n èérún irin sórí bébà tí òòfà wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń wo bí èérún náà ṣe ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Láti inú ìlà wọ̀nyí ló ti mọ bí agbára òòfà ṣe ń rìn. James Clerk Maxwell ló wá sọ ọ́ di ìṣirò lẹ́yìn náà. Ọmọ tó bá tú òòfà lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ lè ṣe ohun kan náà lónìí.

Kò fi ìmọ̀ náà pa mọ́. Láàárín 1827 sí 1860, ìgbà 19 ló dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Royal Institution nígbà Kérésìmesì. Èyí tó lókìkí jù ni ti àbẹ́là, tó ṣe ní 1848, tó sì tún ṣe ní òpin 1860. Ó fi hàn wọ́n pé òwú ń fa ọ̀rá tó yọ́ gòkè, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Ó fi hàn pé ọ̀rá tó ti di atẹ́gùn gan-an ló ń jó: bí a bá fẹ́ àbẹ́là pa, tí a sì yára na ìṣáná sí èéfín rẹ̀, iná á fò padà sórí òwú. Bí a bá gbé ohun tútù sókè ahọ́n iná náà, omi á sẹ̀ sára rẹ̀. Níkẹyìn, ó fi yé wọn pé carbon dioxide tí àbẹ́là ń tú síta wà nínú èémí ènìyàn pẹ̀lú. Ó wá gbà á ládùúrà pé kí àwọn ọmọ náà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún àwọn tó yí wọn ká.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, alàgbà sì ni nínú ìjọ kékeré kan. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ oyè sà, ó kọ̀. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ Royal Society, ó kọ ìyẹn náà. Ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1867 ló jáde láyé, wọ́n sì sin ín sí Highgate, ní Lọ́ńdọ̀n.

Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, àwọn kan tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ohun tó yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ Faraday ti wọ ìletò gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àbẹ́là rẹ̀ kò tíì wọ gbogbo kíláàsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń há físíìsì sórí nítorí ìdánwò WAEC, láìfọwọ́ kan òòfà rí. Ilé-ìwé tí kò ní yàrá àyẹ̀wò lè rí àbẹ́là kan, ìṣáná kan àti ife tútù kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ tí olùkọ́ fi lè bẹ̀rẹ̀.