Ọ̀jẹ̀ládé: Awo Bàhíà tí Ó Mọ Ara Rẹ̀ ní Èkó

Ní ọdún 1859 ni a bí Martiniano Eliseu do Bonfim ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. A kó wọn lẹ́rú kọjá òkun, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba òmìnira kí wọ́n tó bí i. Orúkọ Pọtogí ni ìwé ìjọba mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀jẹ̀ládé ni ilé ń pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè yóò mọ̀ pé orúkọ ìdílé eégún ni. Láti kékeré ni ó ti ń jẹ́ orúkọ méjì, ọ̀kan fún ìta, èkejì fún ilé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó sì fi ṣiṣẹ́ kí orúkọ méjèèjì lè di ti ẹnìkan ṣoṣo.

Ilẹ̀ oko ẹrú ni Bràsíl nígbà náà. Ìlù òrìṣà ń bí ọlọ́pàá nínú, àwọn ọlọ́lá sì ka èdè Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, sí èdè àwọn ẹni tí a rà lọ́jà. Ọmọ tí ó bá dàgbà nírú ibẹ̀ lè mọ orin òrìṣà dáadáa, kí ó má sì mọ ohun tí orin náà ń wí. Bàbá rẹ̀, tí ń ṣòwò láàárín Bàhíà àti Èkó, kò fẹ́ kí ti ọmọ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1875, ó mú un lọ sí Èkó.

Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Èkó wà láti ọdún 1861. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíl padà wálé ti tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, wọ́n ń kọ́ ilé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Bàhíà. Martiniano wọ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì, ó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ, ó mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà tí kò ní àga, tí kò ní pátákó ìkọ̀wé. Lórí ẹní ni a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti di awo Ifá.

Ẹ̀kọ́ Ifá kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Ọmọ awo a máa gbálẹ̀, a máa gbé àpò olúwo, a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Yóò mọ ojú odù 16, yóò mọ amúlù 240, kí gbogbo rẹ̀ tó pé 256. Yóò sì máa kó ẹsẹ wọn sórí láìwo ìwé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ nífá, a ó fi odù tí ó bá a wáyé hàn án, a ó sì sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wá kọ́ bí a ti ń wo ọ̀ràn ẹlòmíràn ni a kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn. Fún ọmọ àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí Bàhíà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rí, òun ni ó bá ní Èkó lórí ẹní àwọn àgbà, tí a ń fi ìkúnlẹ̀ gbà.

Ní ọdún 1886, ó padà sí Salvador. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òfin fòpin sí oko ẹrú. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń dífá. Dókítà Raimundo Nina Rodrigues, tí ń ṣèwádìí nípa àwọn ará Áfíríkà ní Bàhíà, gbára lé e fún ìtumọ̀ èdè Yorùbá. Dókítà yìí gbà pé ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú rẹlẹ̀ sí ti aláwọ̀ funfun. Síbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni ó ní láti wá jókòó tì kí ó tó lóye ohun tí ó ń kọ.

Ibi tí ìmọ̀ Ọ̀jẹ̀ládé ti so èso jù lọ ni Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Ìyá Aninha, Ọba Bíyìí, dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Gurunsi ni àwọn òbí ìyá yìí, wọn kì í ṣe Yorùbá. Ẹ̀kọ́ àti ìsìn ni ó gbé e dé ipò ńlá nínú òrìṣà. Òun àti Ọ̀jẹ̀ládé jọ fi ìdí ìgbìmọ̀ Ọba Ṣàngó méjìlá múlẹ̀, mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì. Oyè bí Arẹsà, Oníkòyí, Olúgbọ́n àti Kakaǹfò tún wá ń dún létí òkun Bàhíà. Àwọn olùwádìí ti ṣàkíyèsí pé ètò náà kò bá ti Ọ̀yọ́ dọ́gba pátápátá. Òótọ́ ni. Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ kì í fi igi àtijọ́ nìkan tún un kọ́. Oyè Ajímúdà ni wọ́n fi dá òun fúnra rẹ̀ lọ́lá.

Ní oṣù kìíní ọdún 1937, a ṣe Àpéjọ Kejì lórí Ọ̀ràn Àwọn Ọmọ Áfíríkà ní Bràsíl ní ìlú Salvador. Martiniano ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ọlọ́lá, ó sì sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìjòyè Ṣàngó. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ilé òrìṣà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn láti máa sìn láìsí ìyọlẹ́nu, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ. Àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, bíi Ruth Landes àti Lorenzo Dow Turner, wá bá a nílé.

Ìyá Aninha wàjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1938, ìbànújẹ́ ńlá sì ni fún un. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ohun tí ó ń dùn ún ni pé kò rí ọ̀dọ́ tí ó ní sùúrù láti jókòó kọ́ Ifá bí òun ti kọ́ ọ. Ní ọdún 1943 ni ó papòdà. Wọ́n kà á mọ́ àwọn babaláwo ìkẹyìn ní Bàhíà àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó kó sórí ní Èkó ni ó bá a lọ.

Níbẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti kan ọdún Ifá tí a ń ṣe yìí. A ó jó, a ó sì yọ̀; ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí, ẹní ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tí yóò jókòó. Ọmọ ọdún 16 ni Ọ̀jẹ̀ládé nígbà tí ó la òkun kọjá láti wá jókòó lórí tirẹ̀. Ẹni tí ẹní wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò ní àwáwí.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.