Hedy Lamarr: Arẹwà òṣèrébìnrin tí ẹwà rẹ̀ bo ọgbọ́n orí rẹ̀ mọ́lẹ̀

Ilé wà lágbàáyé lónìí tó jẹ́ pé bí onílé bá ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, iná yóò tàn fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Kì í ṣe àǹjọ̀nú ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oògùn. Fóònù tó wà nínú àpò onílé ni kọ̀ǹpútà kékeré inú ilé náà gbúròó. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà tó ń gbà gbúròó rẹ̀ ni Bluetooth, èyí kan náà tí àwọn ọ̀dọ́ fi máa ń fi orin ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù nígbà kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tó ń lò ó ló mọ̀ pé obìnrin òṣèré kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí arẹwà, tí wọn kò sì kà sí ọlọ́gbọ́n. Hedy Lamarr lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, ọdún 1914 ni wọ́n bí i sí ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Hedwig Eva Maria Kiesler ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ọmọ Júù sì ni wọ́n. Iṣẹ́ báǹkì ni Emil, bàbá rẹ̀, ń ṣe, Gertrud, ìyá rẹ̀, sì mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Òun nìkan ni wọ́n bí. Bí bàbá yìí bá mú ọmọ rẹ̀ jáde láti nasẹ̀, yóò máa ṣàlàyé fún un bí ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro ṣe ń rìn àti bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ó tú àpótí olórin rẹ̀ palẹ̀, ó wo inú rẹ̀ fínnífínní, ó sì tún un tò padà. Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú.

Iṣẹ́ òṣèré ló wu ú nígbà tó dàgbà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó kópa nínú fíìmù Ecstasy, tó jáde lọ́dún 1933, tó sì fara hàn níhòòhò nínú rẹ̀. Ariwo ńlá ni fíìmù náà dá sílẹ̀, ó sì pẹ́ kí orúkọ tó fún un tó kúrò lára rẹ̀. Lọ́dún yìí kan náà ló fẹ́ Fritz Mandl, ọlọ́rọ̀ tó ń ṣe ohun ìjà tà. Òjòwú ni Mandl. Ó náwó nára láti ra ẹ̀dà fíìmù náà kúrò nílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ṣeré mọ́. Inú ilé ńlá tó dà bí ààfin ni Hedy wà, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ inú àgò ló rí. Àwọn ọ̀gágun àti àwọn tó ń ra ohun ìjà máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn. Wọ́n rò pé ẹwà lásán ló jókòó tì wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé ó ń tẹ́tí sílẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 1937, ó sá kúrò nílé ọkọ náà, ó gba Paris dé Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti pàdé Louis B. Mayer, ọ̀gá iléeṣẹ́ fíìmù MGM ti Amẹ́ríkà. Owó tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ dárúkọ kéré lójú rẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lọ. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi Normandie tí Mayer fẹ́ bá padà sílé, nígbà tí ọkọ̀ náà yóò sì fi gúnlẹ̀ sí New York, ó ti gba iṣẹ́ tí wọn yóò máa san 500 dọ́là fún lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Hedy Lamarr. Fíìmù Algiers, tó jáde lọ́dún 1938, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní obìnrin tó rẹwà jù lọ lágbàáyé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ohun tó ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ fíìmù bá parí. Àríyá alaalẹ́ kò dùn mọ́ ọn. Ó ní tábìlì iṣẹ́ nílé, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti àwọn ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà kan, ó gbìyànjú láti ṣe ègé kékeré kan téèyàn lè jù sínú omi kó sì di ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ṣùgbọ́n èyí kò yọrí sí rere.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú kí ọgbọ́n rẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1940, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Jámánì yin ọta tọ̀pídò lu ọkọ̀ City of Benares lórí òkun, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọdé sá fún ogun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Kánádà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ náà jẹ́ 90, 77 nínú wọn ló sì kú. Nínú ọdún yẹn ni Hedy pàdé George Antheil, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ akọrinsílẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí wọ́n lè fi ran Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìṣòro tí wọ́n dojú kọ nìyí. Ẹni tó yin tọ̀pídò lè máa fi ìgbì rédíò darí rẹ̀ lábẹ́ omi kó má bàa tàsé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí ìkànnì kan ṣoṣo ni àṣẹ náà ń gbà lọ, ọ̀tá yóò wá ìkànnì náà rí, yóò da ariwo sí i, tọ̀pídò yóò sì ṣìnà. Ohun tí Hedy rò ni pé kí àṣẹ náà má ṣe dúró lójú kan. Kí ó máa fò láti ìkànnì kan sí òmíràn, kí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ àti tọ̀pídò tó ń gbà á jọ máa fò pọ̀, lọ́nà tí àwọn méjèèjì nìkan mọ̀. Kí ọ̀tá tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Bí ohun méjì tó jìnnà síra yóò ṣe máa fò lẹ́ẹ̀kan náà láìṣi ẹsẹ̀ gbé ló wá ku ohun tí wọn yóò yanjú. Antheil ló mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó ti lo dùùrù tó ń dá tẹ ara rẹ̀ nínú orin rẹ̀ rí, irú èyí tí bébà gígùn oníhò máa ń darí. Wọ́n pinnu láti fi irú bébà bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ méjèèjì, kí ihò kan náà wà lára wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà kan náà. Ìkànnì 88 ni wọ́n yàn, gẹ́gẹ́ bí ibi títẹ̀ ara dùùrù ṣe jẹ́ 88. Oṣù kẹfà ọdún 1941 ni wọ́n mú iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún 1942, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ tó fi hàn pé àwọn ló ni ín. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 2,292,387. Hedy Kiesler Markey ni orúkọ tó wà lórí ìwé náà, nítorí pé ó ti fẹ́ Gene Markey lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ Mandl.

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò lò ó. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà yóò tóbi jù. Ìwé náà wọ inú fáìlì, ó sì sùn síbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí i pé ó yẹ obìnrin náà ni kó lo ojú rẹ̀ tó rẹwà láti bá ìjọba ta ìwé ẹ̀yáwó ogun. Hedy gbà bẹ́ẹ̀. Ó káàkiri ìlú, ó bá wọn ta ìwé tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Orílẹ̀-èdè tó gba ẹwà rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀ kò ráyè ti ọgbọ́n orí rẹ̀, ọdún 1953 sì ni òun fúnra rẹ̀ tó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà.

Fíìmù Samson and Delilah, tó jáde lọ́dún 1949, ló pa owó jù lọ nínú àwọn fíìmù tó ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìgbà mẹ́fà ló ṣègbéyàwó, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì tú ká. Nígbà tó di ọdún 1959, ọjọ́ orí ìwé àṣẹ náà pé, ẹnikẹ́ni sì lè lo ohun tó wà nínú rẹ̀ láìsan owó. Ọdún yẹn kan náà ni Antheil kú. Títí di ìgbà náà, àwọn méjèèjì kò rí èrè kankan jẹ lórí iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Hedy Lamarr kọ́ ló ṣe Bluetooth, kì í sì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ronú nípa kí ìgbì rédíò máa fò káàkiri, nítorí pé àwọn mìíràn ti fọwọ́ bà á ṣáájú rẹ̀. Iléeṣẹ́ Ericsson, ní ìlú Lund lórílẹ̀-èdè Sweden, ni onímọ̀ ẹ̀rọ Jaap Haartsen ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Bluetooth lọ́dún 1994. Orúkọ ọba Denmark kan, Harald, tó jẹ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n fi pè é. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n fífò tó wà nínú ìwé ọdún 1942 náà wà nínú rẹ̀: bí ẹ̀rọ méjì bá ń fi Bluetooth ti àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ń fò láàárín ìkànnì 79, nígbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìṣòro tí Antheil fi bébà oníhò yanjú kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà fún ilé. Báwo ni ilé yóò ṣe rí fóònù tó ń fò, tí wọn kò tíì jọ mọ ibi tí wọn yóò ti pàdé? Nínú Bluetooth ti àkọ́kọ́, ìkànnì 32 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpàdé. Ẹni tó ń wá a máa sáré fò lórí wọn, ẹni tí wọ́n ń wá a sì máa rọra sún láti ọ̀kan sí èkejì, kí wọ́n lè kò lójú ọ̀nà. Àwọn tó tún fúyẹ́ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń kéde ara wọn lórí ìkànnì mẹ́ta péré. Bí ilé bá sì ti rí fóònù tán, iṣẹ́ kò parí. Fóònù tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò fi hàn pé onílé ti jáde, ó lè jẹ́ pé ògiri ló dínà mọ́ ọn, tàbí pé ó ń sinmi kí bátìrì má bàa tán. Nítorí náà, ètò tó dára kì í yára pa iná. Yóò dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò tún pè, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé onílé kò sí nílé. Fóònù òde òní tún máa ń yí àdírẹ́sì Bluetooth rẹ̀ padà lóòrèkóòrè kí àjèjì má bàa fi tọpa onílé, ilé tí wọ́n sì fún ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ nìkan ló lè dá a mọ̀. Àṣírí láàárín ẹni méjì náà ni, bíi ti ọdún 1942.

Ọdún 1997 ni ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation, ní Amẹ́ríkà, tó fún Hedy àti Antheil tó ti dolóògbé ní àmì ẹ̀yẹ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá ìyá gbà á, nítorí pé ìyá náà ti fara pamọ́ fún ayé. Ní ọjọ́ 19, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2000, ó kú nílé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, lẹ́ni ọdún 85. Ọdún 2014 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọlá àwọn olùhùmọ̀ Amẹ́ríkà. Ní Austria tí wọ́n ti bí i, àti ní Jámánì àti Switzerland, ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti máa fi yẹ́ àwọn olùhùmọ̀ sí. Ẹwà tí wọ́n fi ń pè é ti bá a lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n sọ sínú fáìlì ló kù lẹ́yìn rẹ̀.