Irving Langmuir: Ọkùnrin Tó Fi Wáyà Wọn Plasma

Láti Aláúsá títí dé Computer Village n'Íkẹjà, àwọn tó ń ta fóònù àtàwọn tó ń tún un ṣe pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ orúkọ Irving Langmuir ò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ṣíìpù inú fóònù.

Brooklyn, ní New York, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 31, oṣù Kìíní, 1881. Ó kàwé ní Yunifásítì Columbia, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Göttingen, Jámánì, lọ́dún 1906. Ó ṣe olùkọ́ díẹ̀ kó tó wọ iléeṣẹ́ General Electric ní Schenectady lọ́dún 1909.

Láyé ìgbà yẹn, inú gílóòbù kì í pẹ́ dúdú. Langmuir rí i pé wáyà tó ń tàn ló ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ bí omi, tó ń lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó fi gáàsì sínú rẹ̀, ìyẹn sì dín in kù.

Látibẹ̀ ló ti kọjú sí gáàsì tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó sọ ní plasma lọ́dún 1928. Wíwọ̀n rẹ̀ ni wàhálà. Tí ẹ bá ki wáyà bọ̀ ọ́, àwọn electron, tí wọ́n fúyẹ́, tí wọ́n sì yára, á kọ́kọ́ ya bò ó. Wáyà náà á wá máa lé electron yòókù sẹ́yìn, á máa fa ion mọ́ra. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yí i ká, bí àkọ̀ ṣe ń bo ọ̀bẹ. Àkọ̀ yìí náà ni Langmuir pè é. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń ka wáyà bíi pé àkọ̀ ò sí, ìdí nìyẹn tí ìṣirò wọn kì í fi í tọ̀nà. Òun àti Harold Mott-Smith ṣírò àkọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń yí fóltéèjì wáyà padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kọ iye iná tó ń gbà á kọjá sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi mọ bí electron ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe gbóná tó.

Lónìí, iná tó ń yí padà ní ìgbà 13,560,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń dá plasma tí wọ́n fi ń gbẹ́ ṣíìpù. Inú àkọ̀ yẹn ni ion ti ń sáré kó tó lọ gún ṣíìpù. Bí iná bá ti ń yí padà, àkọ̀ náà á máa fẹ̀, á tún máa sún kì, ìyẹn ló jẹ́ kó nira láti wọ̀n. Tí ion bá sì gún ṣíìpù lágbára jù, ṣíìpù bàjẹ́ nìyẹn.

Ní 1932, Langmuir gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ó ní òun lè mú òjò rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ ò gbà fún un. Ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, 1957 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 76. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe wáyà ìwọ̀n náà.