Krishnamacharya: Onígírámà Tó Di Oníwòsàn

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì ìtàn ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè rí yóò ti gbọ́ orúkọ Patanjali, ẹni tó kọ ìwé àlàyé ńlá lórí gírámà Panini. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà ní Íńdíà pé Patanjali kan náà ló kọ ìwé tí àwọn oníyóógà ń tẹ̀ lé, tó sì tún kọ̀wé lórí ìṣègùn. Wọ́n ní ó fi gírámà tún ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, ó fi yóógà tún ọkàn ṣe, ó fi ìṣègùn tún ara ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kò gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní ayé àwọn bàbá ńlá wa tó kọ́ ìmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tirumalai Krishnamacharya ni.

Ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní abúlé Muchukunte, ní gúúsù Íńdíà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi Sanskrit àti yóógà lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí bàbá fi kú. Ó ń kàwé nìṣó ní ìlú Mysore, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Benares, ìlú tí àwọn ọ̀mọ̀wé Sanskrit pọ̀ sí jù lọ nígbà náà. Ó kọ́ gírámà níbẹ̀, ó kọ́ ìmọ̀ ìjiyàn, ó sì tún kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ayurveda. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn, ó fi nǹkan bí ọdún méje gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ yóógà kan ní Tibet. Àwọn òpìtàn kan ṣì ń jiyàn lórí ìrìn àjò náà. Ohun tí Krishnamacharya sọ ni pé nígbà tí òun fẹ́ máa padà lọ, olùkọ́ náà kò bèèrè owó: kí ó lọ fẹ́ ìyàwó, kí ó bímọ, kí ó sì máa kọ́ àwọn ènìyàn ní yóógà.

Àwa tí a wà ní ọdún àṣekágbá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ka ibí yìí dáadáa. Ọkùnrin tó ti gba oríṣiríṣi oyè ìmọ̀ padà délé, ó fẹ́ Namagiriamma ní 1925, àmọ́ yóógà kò bọ́ wọn. Ìyà jẹ wọ́n débi pé ara aṣọ ìyàwó rẹ̀ ló ti ya èyí tó ń sán mọ́dìí. Níkẹyìn, ó lọ ṣe fóòmáànì ní oko kọfí. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, yóò lọ sọ̀rọ̀ nípa yóógà fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ọba Mysore, Krishnaraja Wadiyar IV, ló gbé e dìde. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá ọba náà fínra. Ó pe Krishnamacharya wá sí ààfin, ó sì yàn án ní olùkọ́. Ní 1933, ó ya apá kan ààfin Jaganmohan sọ́tọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ yóógà. Àwọn ọmọdékùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Eré ara tó le, tó yára, ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n máa ń gbé wọn kiri láti fi ara dárà lójú èrò, kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ràn yóógà. Olùkọ́ náà le koko, àwọn ọmọ sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Lára wọn ni Pattabhi Jois àti B. K. S. Iyengar, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí àìsàn ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ láti kékeré. Nígbà tí obìnrin òyìnbó kan, Indra Devi, ní òun fẹ́ kọ́ yóógà, Krishnamacharya kọ̀ jálẹ̀. Ọba ló dá sí i kó tó gbà. Obìnrin yìí ló wá ṣí ilé yóógà sí Hollywood.

Ọdún 1947 ni Íńdíà gba òmìnira. Agbára bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọba, owó ààfin gbẹ, wọ́n sì ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa ní 1950. Krishnamacharya ti lé ní ẹni 60 ọdún, ó ní ìyàwó àti ọmọ, kò sì sí ọba tí yóò tún gbọ́ bùkátà rẹ̀ mọ́. Ní 1952, wọ́n pè é sí Madras, tó ti di Chennai báyìí, kó wá tọ́jú gbajúmọ̀ amòfin kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Madras ló gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Èrò ìwòran kò sí mọ́. Àwọn tó ń wá bá a ni ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí èémí rẹ̀ kò já gaara, aláboyún, arúgbó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbà wọ́n. Yóò di ọrùn ọwọ́ ẹni náà mú láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, yóò wo bó ṣe ń mí, yóò bèèrè oúnjẹ àti oorun rẹ̀, kó tó sọ eré ara tó yẹ ẹ́. Bí ọwọ́ kò bá lè dé òkè, yóò wá ọ̀nà mìíràn tí ọwọ́ lè gbà. Ìka ò dọ́gba. Ohun tó tọ́ sí ọmọ ọdún 15 kò tọ́ sí ìyá rẹ̀. Èémí ló fi ṣe òsùwọ̀n: bí mímí bá ti ń le, eré náà ti kọjá agbára ẹni náà nìyẹn.

Desikachar, ọmọ rẹ̀, kò ka yóógà sí. Ẹnjiníà ni. Lọ́jọ́ kan ní àwọn ọdún 1960, ó rí obìnrin kan láti New Zealand tó dì mọ́ bàbá rẹ̀ ní gbangba, ohun tí ojú kì í sábà rí ládùúgbò wọn. Obìnrin náà ti ń jìyà àìróorunsùn fún ọdún pípẹ́, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn mọ́jú láìlo oògùn ni. Desikachar fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀, ó di ọmọ ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀. Ní 1976, ó dá Krishnamacharya Yoga Mandiram sílẹ̀ ní Madras, níbi tí wọ́n ti ń fi yóógà tọ́jú aláìsàn.

Nígbà tí bàbá náà pé ẹni 96 ọdún, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ó kọ iṣẹ́ abẹ. Orí ibùsùn ló ti ń ṣe eré ara tó fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó kú ní 1989, lẹ́yìn tó ti pé 100 ọdún.

Láyé òde òní, nígbà tí wọ́n bá dárúkọ yóógà, àwòrán ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kọ́rùn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rí. Krishnamacharya kọ́ ọmọ láti ṣe irú ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 37 ló fi ṣe èkejì ní Madras, ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́yìn òmíràn, ibi tó ń dùn án. Ẹni tó kọ́ òfin gírámà dójú àmì mọ̀ pé kí a tó ṣòfin, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tó wà níwájú wa.